Ìlà Ṣọ́ọ̀kì Níwájú Yàrá Yìnyín

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹwàá ọdún 1975. Irinwó páálí ẹja ló bàjẹ́.

Iná kò lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rọ kò gbó. Kò sí olè, kò sí ìyanṣẹ́lódì. Ẹja náà bàjẹ́ nítorí pé wọ́n bi obìnrin kan léèrè ibi tí iṣẹ́ kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Obìnrin náà mọ ìdáhùn, ó sì fún wọn ní ohun mìíràn. Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì òkè ilé-iṣẹ́ ẹja náà nígbà náà, fèrèsé wa sì kọjú sí gbàgede tí wọ́n ti ń ta ẹja. Ohun tí mo rí àti ohun tí wọ́n sọ sí mi létí ni mo kọ síbí.

Ọmọ́wùmí Ọlálérè lorúkọ rẹ̀. Ará Ìkọ̀lé-Èkìtì ni. Ọkọ rẹ̀ ló ń wa ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tó ń kó ẹja ilé-iṣẹ́ náà kí ó tó kú lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó gbé àwọn ìbejì rẹ̀, Táíyé àti Kẹ́hìndé, fún ìyá rẹ̀ ní Ìkọ̀lé, ó padà sí Èkó, ó sì gba yàrá kan ní Bọ́ládé, lẹ́yìn àwọn ìsọ̀ tó kọjú sí títì. Onílé ti sọ fún un kí ó tó gbé ẹní wọlé pé òun kò gba ọmọdé, nítorí ọmọdé máa ń ba ògiri jẹ́. Kérésì àti Àjíǹde nìkan ló ń rí àwọn ọmọ rẹ̀. Ní Àjíǹde ọdún náà, Táíyé pè é ní Àǹtí Èkó. Ìyá Ọmọ́wùmí rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín.

Ilé ẹja tútù kan ló ti ń ṣiṣẹ́, nínú Industrial Estate ní Ìsọlọ̀. Ọdún owó ni ọdún náà. Wọ́n ti fi kún owó oṣù, olùkọ́ tí kò ní fíríìjì nígbà ọyẹ́ ti ní in kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, fíríìjì kò sì wúlò bí kò bá sí ẹja nínú rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ẹja bọ̀ dúró sójú òkun láìríbi gúnlẹ̀, nítorí pé àwọn ọkọ̀ sìmẹ́ńtì ti gba èbúté. Ẹja tó bá wá bọ́ sílẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ló ń tán. Àwọn obìnrin ń ti Òṣòdì, Mushin àti Agége wá rà á ní páálí-páálí. Wọ́n á ti tò síwájú ilé náà kí ojúmọ́ tó mọ́, àwọn mìíràn nínú wọn kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí ọ̀sán fi ń pọ́n.

Ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ náà ni Alàgbà Akíntáyọ̀, ọkùnrin kan tó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni pé aláìsàn wà nínú ilé. Nígbà tó gbọ́ pé àwọn obìnrin ti ń yà sí ilé ẹja mìíràn nítorí ìdúró, ó mú Felix wá. Felix kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó ti Lọ́ńdọ̀nù dé, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí ó máa tún iṣẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tò kí ó lè yá kánkán. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, ó ní kí wọ́n má tíì fi ohunkóhun han òun.

Ó wí pé, “Kí n tó fọwọ́ kan iṣẹ́ yìí, mo fẹ́ mọ bó ṣe tóbi tó. Títa páálí ẹja kan, níbo ló ti bẹ̀rẹ̀? Níbo ló parí sí? Ta ni àwọn tí ọwọ́ wọn kàn án láàárín? Ohun tó bá wà nínú ààlà yẹn ni màá tún ṣe. Ohun tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, mi ò ní wò ó rárá.”

Ìbéèrè náà dára. Nínú gbogbo ohun tí Felix ṣe níbẹ̀, òun nìkan ló dára.

Ọmọ́wùmí ni Alàgbà yàn láti dá a lóhùn, nítorí pé òun ló ń gba owó lójú fèrèsé, òun ló sì mọ àwọn obìnrin náà. Alàgbà pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, “Ìyá Táíyé, bí ètò tuntun yìí bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, ìwọ ni màá fi ṣe olórí títà. Ilé kékeré tí a ní ní Àjàó Estate, ìwọ ni yóò máa gbé ibẹ̀ láti oṣù kìíní. O lè lọ kó àwọn ọmọ rẹ wá.” Ọmọ́wùmí kúnlẹ̀. Kò tíì délẹ̀ tán tí Alàgbà fi fi kún un pé, “Ṣùgbọ́n ẹ má dé ọ̀dọ̀ Bàbá o. Ẹ̀yìn Bàbá ni mo ti mọ ayé.”

Bàbá Rùfáì ni Bàbá tó ń wí. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Ó ti bá bàbá Alàgbà ṣiṣẹ́ nígbà tí ọjà wọn kò ju ìsọ̀ kan lọ ní Òṣòdì, ó sì ti gbé Alàgbà pọ̀n rí. Òun ló ń tọ́jú yàrá yìnyín. Ó ní bẹ́ǹṣì kan níwájú ìlẹ̀kùn yàrá náà, ó máa ń wọ kóòtù sójà tó ti gbó, ó sì máa ń dé fìlà òwú nínú oòrùn Èkó. Ìlẹ̀kùn náà nípọn bí ìtí igi. Bí ó bá ti pa dé, ó ti tì nìyẹn, kọ́kọ́rọ́ nìkan ló sì lè ṣí i. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà. Méjèèjì wà ní ìdí Bàbá, wọ́n so wọ́n mọ́ okùn ṣòkòtò rẹ̀.

Báyìí ni iṣẹ́ ṣe ń lọ. Obìnrin á sanwó fún Ọmọ́wùmí lójú fèrèsé, á gba rìsíìtì, á lọ sí ibi pèpéle tí wọ́n ti ń gbé ẹja jáde. Sàláúdéènì, olórí àwọn alábàárù, á gba rìsíìtì náà, á sì ké sí Bàbá. Bàbá á ṣí ìlẹ̀kùn, wọ́n á gbé ẹja, Bàbá á tì í. Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà, owó kò sì yá gbà, nítorí náà ìlẹ̀kùn máa ń sinmi láàárín obìnrin kan sí èkejì. Ní ọjọ́ Ẹtì, Ọmọ́wùmí á ti fèrèsé kí aago méjìlá tó lù, nítorí pé Bàbá ń lọ kírun Jímọ̀. Kì í padà kí aago mẹ́ta tó lù. Kò sẹ́ni tó kọ èyí sí ibì kankan. Àwọn obìnrin mọ̀ ọ́n, wọn kì í pẹ́ wá ní ọjọ́ Ẹtì.

Ẹ wo iṣẹ́ náà dáadáa. Ṣé iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lójú fèrèsé nìyẹn? Ìdí Bàbá ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá dúró níbẹ̀ láàárọ̀ kan ṣoṣo á rí i. Felix kò dúró níbẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù, omi ẹja ń ṣàn lórí rẹ̀, bàtà rẹ̀ sì jẹ́ aláwọ̀ funfun. Ó fún Ọmọ́wùmí ní ṣọ́ọ̀kì kan. Ó ní kí ó lọ fa ìlà kan sílẹ̀ níbi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, kí ó fa èkejì níbi tó parí sí, òun á wá wò ó bí ilẹ̀ bá ti gbẹ.

Ọmọ́wùmí mú ṣọ́ọ̀kì. Mo ń wò ó láti òkè títí ó fi wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀; Sàláúdéènì ló sọ ìyókù fún mi. Ó rìn láti ibi pèpéle wọnú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dé iwájú ìlẹ̀kùn yàrá yìnyín, ó sì dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni fẹ́ fa ìlà. Bàbá gbójú sókè lórí bẹ́ǹṣì.

“Wùmí, kí lò ń wá nílẹ̀?”

“Kò sí nǹkan, Bàbá.”

“Àbí yẹtí rẹ ló já bọ́? Jẹ́ kí Sàláúdéènì bá ọ wá a. Ojú tèmi ti ń ṣe ségesège.”

“Rárá, Bàbá. Kò sí nǹkan tó bọ́.”

“Kí lo wá ń fi ṣọ́ọ̀kì ṣe? Ṣé o ti padà sí iléèwé ni?”

Àwọn alábàárù rẹ́rìn-ín. Ọmọ́wùmí náà rẹ́rìn-ín, ó dìde, ó fi ọwọ́ nu eékún rẹ̀. Ó padà sẹ́yìn, ó kọjá ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì fa ìlà àkọ́kọ́ lábẹ́ fèrèsé tí òun fúnra rẹ̀ máa ń jókòó sí. Ó fa èkejì lẹ́bàá pèpéle. Yàrá yìnyín, ìlẹ̀kùn rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ méjèèjì, Bàbá, àti ọjọ́ Ẹtì, gbogbo wọn bọ́ sí ẹ̀yìn ìlà.

Mo mọ ohun tí yóò sọ bí ẹ bá bi í. Ó sọ ọ́ fún mi. Bàbá Rùfáì ló fà á lọ́wọ́ lọ bá Alàgbà nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, Bàbá ló ní kí wọ́n fún opó náà níṣẹ́. Báwo ni yóò ṣe wá gbé Bàbá kalẹ̀ kí ọmọ Lọ́ńdọ̀nù máa yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò bí ẹni ń yẹ ọjà wò? Wọ́n á pè é ní aláìmoore. Bẹ́ẹ̀ ni ó rò ó. Kò bi ara rẹ̀ bóyá ẹni tó moore lè fi ohun tó lè ba iṣẹ́ olóore rẹ̀ jẹ́ pa mọ́ fún un.

Felix wá wo ìlà náà. Ó ní, “Èyí nìkan?”

“Èyí nìkan, sà.”

“Kò sí ohun mìíràn tó yẹ kí n mọ̀?”

Alàgbà dúró lẹ́yìn wọn. Ọmọ́wùmí ní, “Kò sí, sà.”

Láti ọjọ́ náà ni àìbalẹ̀-ọkàn ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ́wùmí máa ń bu omi sí ife, kò sì ní mu ún. Ó máa ń ka owó oníbàárà, á tún un kà, obìnrin náà á ní, “Ìyá Táíyé, ṣé owó ayédèrú ni mo kó wá ni?” Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń la fèrèsé tuntun méjì tí Felix ní kí wọ́n fi kún ti àkọ́kọ́ sí ara ògiri, ó gòkè wá sí yàrá tí wọ́n fún Felix, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Ọ̀gá Felix, ọ̀rọ̀ kan wà nípa ọjọ́ Ẹtì.”

Felix gbójú kúrò lórí ìwé. “Kí ló ṣe ọjọ́ Ẹtì?”

Ní àkókò náà gan-an ni Alàgbà gba ẹ̀yìn Ọmọ́wùmí kọjá, tó sì kí i, tó bi í léèrè àwọn ọmọ.

“Wọ́n wà, sà. Wọ́n ń kí yín.” Ó yíjú sí Felix. “Mo ní ṣé ọjọ́ Ẹtì la ó bẹ̀rẹ̀ ni?”

“Ọjọ́ Ajé ni. Mo ti kọ ọ́ sára ògiri nísàlẹ̀.”

“Ẹ ṣeun, sà.”

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ náà ló ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Ìkọ̀lé pé kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù àwọn ọmọ.

Ètò tuntun bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá. Fèrèsé di mẹ́ta. Àwọn ọmọbìnrin méjì tuntun jókòó sí méjì, Ọmọ́wùmí sì ń bójú tó gbogbo wọn. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé fèrèsé yóò wà ní ṣíṣí títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lójoojúmọ́. Obìnrin tó ń dúró títí oòrùn fi ń kan orí tẹ́lẹ̀ ti ń sanwó kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Inú wọn dùn. Ìsíátù, tó ní ìsọ̀ ẹja ní Òṣòdì tí ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ, dúró láàárín gbàgede, ó ní, “Ìyá Táíyé, ẹ ti sọ wá di òyìnbó. Ó kù kí ẹ máa fún wa ní tíì.” Alàgbà rẹ́rìn-ín músẹ́. Felix ń wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó sì ń kọ nǹkan sílẹ̀.

Ní ẹ̀yìn ìlà, Bàbá Rùfáì kò jókòó mọ́. Ìlẹ̀kùn kì í sinmi. Ó ń ṣí, ó ń tì, ó ń ṣí. Ní ọjọ́rú, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ọmọ́wùmí ra òróró ìpara fún un. Ó lè ra òróró, ṣùgbọ́n kò lè béèrè kọ́kọ́rọ́ kan.

Ọjọ́ Ẹtì dé. Alàgbà ti lọ sí Àpápá nítorí ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n ní yóò gúnlẹ̀. Gbàgede kún. Àwọn obìnrin tó máa ń tètè wá ní ọjọ́ Ẹtì kò tètè wá, nítorí wọ́n ti ka ohun tó wà lára ògiri tàbí kí ẹlòmíràn kà á fún wọn. Aago mẹ́rin ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọ́n sì gbà á gbọ́. Ó ku díẹ̀ kí aago méjìlá lù, Ọmọ́wùmí lọ bá Felix.

“Sà, ẹ jẹ́ ká ti fèrèsé díẹ̀.”

“Nítorí kí ni?”

Gbogbo ìdáhùn náà wà lẹ́nu rẹ̀. Kò ju gbólóhùn kan lọ. Bí ó bá sọ ọ́, Felix yóò bi í ìdí tí kò fi sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, Alàgbà yóò gbọ́, ilé Àjàó Estate yóò sì lọ. Bí kò bá sọ ọ́, bóyá Ọlọ́run á ṣe é.

“Kí àwọn ọmọ yìí lè sinmi, sà.”

“Wọ́n á sinmi ní aago mẹ́rin. Kò sí ìsinmi nínú ohun tí a jọ fọwọ́ sí, Mísíìsì Ọlálérè.”

Ó padà sísàlẹ̀. Bàbá ti bọ́ kóòtù sójà, ó ti ṣe àlùwàlá, ó ti wọ agbádá funfun. Ó dúró lẹ́bàá ìlẹ̀kùn, ó ń wo èrò tó wà níbi pèpéle.

“Wùmí, àwọn wọ̀nyí ṣì ń sanwó?”

“Wọ́n ti fẹ́ parí, Bàbá.”

“Ìrun ò ní dúró dè mí o.”

“Mo mọ̀, Bàbá.” Ó sún mọ́ ọn. “Bàbá.”

“Kí ni?”

“Ẹ rántí mi nínú àdúrà.”

“Mo máa ń rántí rẹ. Ìwọ àti àwọn ìbejì.” Bàbá wo èrò náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó mú ìtí igi kan, ó sì fi há ẹnu ìlẹ̀kùn kí ó má bàa pa dé. Ó ní, “Sàláúdéènì, ẹ máa gbé e fún wọn. Bí ìwọ̀nba tó kù bá ti gba tiwọn tán, yọ igi, kí o jẹ́ kó pa dé.” Ó sì lọ, kọ́kọ́rọ́ méjèèjì ń kan ara wọn lábẹ́ agbádá.

Ìwọ̀nba tó kù kò sí. Bí àwọn kan ṣe ń gba ẹja níbi pèpéle ni àwọn mìíràn ń gba rìsíìtì lójú fèrèsé mẹ́ta. Òtútù ń jáde lẹ́nu ìlẹ̀kùn bí èéfín, ó ń fẹ́ sínú oòrùn, kò sì padà. Lẹ́yìn wákàtí kan, èéfín náà ti fúyẹ́. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán láti òkè ẹnu ọ̀nà.

Sàláúdéènì wá bá Ọmọ́wùmí. “Àǹtí, ṣé kí n yọ igi yìí?”

“Bí o bá yọ ọ́, ta ni yóò ṣí i?”

“Bàbá ni.”

“Bàbá dà?”

Ìsíátù ti gbọ́ wọn. Rìsíìtì rẹ̀ wà láàárín ìka rẹ̀, ó sì gbé e sókè kí gbogbo ènìyàn lè rí i.

“Ta ló fẹ́ ti ìlẹ̀kùn? Ìyá Táíyé, ẹ̀yin ni? Ẹ gba owó mi ní wàràwàrà, ẹ wá fẹ́ ti ìlẹ̀kùn mọ́ mi lójú ní wàràwàrà?”

“Ẹ ní sùúrù, Alhájà.”

“Ẹ má pè mí ní Alhájà, mi ò tíì dé Mẹ́kà. Ẹja kótè ni mo sanwó rẹ̀. Ẹ fún mi, kí n máa lọ.”

“Bàbá ti fẹ́ dé.”

“Bàbá tó lọ kírun lẹ ní kí n dúró dè? Ẹ̀yin gan-an lẹ kọ ọ́ sára ògiri pé aago mẹ́rin. Ṣé ẹ̀yin ò mọ̀ pé Jímọ̀ lòní ni?”

Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń pariwo pé òótọ́ ló sọ. Obìnrin kan gba abẹ́ apá Sàláúdéènì kọjá, ó wọnú yàrá yìnyín lọ fúnra rẹ̀. Òmíràn tẹ̀ lé e. Ní ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọn obìnrin ti kún inú yàrá náà, wọ́n ń fa páálí tó ti lẹ̀ mọ́ ara wọn, wọ́n ń ṣa ẹja kótè, wọ́n ń ti ẹja ṣáwà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ooru ara wọn sì ń yọ́ ohun tí oòrùn kò tíì rí. Ọmọ́wùmí dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ kan lára ògiri. Ó ń fetí sí ẹ̀rọ tó ń mú yàrá náà tutù. Ẹ̀rọ náà ti ń kùn láìsinmi, ohùn rẹ̀ sì ń ga sí i. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ yí padà. Lẹ́yìn náà kò sí ohùn mọ́.

Felix sọ̀ kalẹ̀ nígbà náà, nínú bàtà funfun rẹ̀. Ó dúró níwájú ìtí igi tó há ẹnu ìlẹ̀kùn, ó ń wò ó bí ẹni pé láti ọ̀run ló ti já bọ́.

Bàbá kò padà ní aago mẹ́ta. Wọ́n gbé òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá sí mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun, ó sì bá wọn kírun sí i lára, ó tẹ̀ lé wọn dé ibojì. Nígbà tó dé, fèrèsé ti tì, ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti di odò. Ẹni tó mọ ẹ̀rọ náà tún ṣe kò dé títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Irinwó páálí tó kù nínú yàrá náà ni wọ́n gbẹ́lẹ̀ sin lẹ́yìn ilé.

Ní ọjọ́ Ajé, Alàgbà pè wọ́n jọ. Felix wà níbẹ̀, Ọmọ́wùmí wà níbẹ̀, wọ́n gbé àga fún Bàbá Rùfáì. Èmi ni wọ́n ní kí n máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀. Alàgbà kọ́kọ́ kí Bàbá kú ìrọ́jú ọ̀rẹ́ tó kú. Lẹ́yìn náà ó bi Felix léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Felix ní, “Mo béèrè ibi tí iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi ìlà hàn mí. Kò sí kọ́kọ́rọ́ nínú ìlà náà, kò sí ọjọ́ Ẹtì níbẹ̀.”

“Ta ló fa ìlà?”

“Èmi ni, sà,” ni Ọmọ́wùmí wí.

“Ìwọ tí o mọ̀ pé Bàbá ń lọ kírun?”

Ọmọ́wùmí wo Alàgbà. Ó yẹ kí ó sọ níbẹ̀ pé, ẹ̀yin lẹ ní kí a má dé ọ̀dọ̀ Bàbá. Ó la ẹnu. Bàbá ló gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

Bàbá ní, “Mo rí i lọ́jọ́ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi, mo bi í ohun tó ń wá nílẹ̀, ó ní kò sí nǹkan.” Kò bínú. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ohun tó yà á lẹ́nu. “Lọ́jọ́ Jímọ̀ náà, ó tún pè mí. Mo ní kí ni. Ó ní kí n gbàdúrà fún òun. Bó bá jẹ́ kọ́kọ́rọ́ ló béèrè, ǹ bá tú ọ̀kan fún un. Kí ni mo fẹ́ fi méjì ṣe? Ìdí kan ṣoṣo ni mo ní.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè sọ bóyá ìbá fún un lóòótọ́. Ó rọrùn láti ṣe ọ̀làwọ́ lẹ́yìn tí ẹja ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi í, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè já a nírọ́. Gbogbo wọn ń bu ọlá fún un, wọ́n sì fi ọlá náà sọ ọ́ di ẹni tí a kì í bá sọ̀rọ̀.

Felix ní òun yóò tún ìlà náà fà, láti ìlẹ̀kùn yàrá yìnyín wá. Alàgbà gbọn orí. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ lójú fèrèsé bó ṣe wà. Kí ẹ kàn kọ ọ́ pé ní ọjọ́ Ẹtì a ó máa tì ní aago mọ́kànlá. Ẹ fi Bàbá sílẹ̀.” Felix mọ̀ pé kò dára. Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ méjèèjì bá Bàbá lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Wọn kò lé Ọmọ́wùmí. Wọ́n dá a padà sí fèrèsé rẹ̀. Alàgbà fún ẹlòmíràn ní ipò olórí títà, ó sì ṣàlàyé fún Ọmọ́wùmí ní ohùn jẹ́jẹ́ náà pé ilé Àjàó Estate kò ṣeé fún ẹni tí kì í ṣe olórí. Ọmọ́wùmí kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ pé wọn kò lé òun.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo bá a pàdé ní Bọ́ládé, níbi tí ọkọ̀ àwọn ará Èkìtì ti máa ń kó èrò. Ó ń bá awakọ̀ kan sọ̀rọ̀, ọmọ Ìkọ̀lé bíi tirẹ̀.

“Ẹ bá mi sọ fún ìyá mi kí wọ́n tú ẹrù àwọn ọmọ.”

Awakọ̀ náà ní, “Ẹrù tí gbogbo àdúgbò ti rí nílẹ̀? Táíyé ti ń sọ fún gbogbo ayé pé òun ń lọ Èkó. Ó ní òun á máa wo báàlù láti ojú fèrèsé. Kí ni kí n sọ pé ó dé?”

“Ẹ sọ pé wọn ò tíì kun ilé náà tán.”

“Ìgbà wo ni wọ́n máa kùn ún tán?”

“Ẹ ṣáà sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n.”

Awakọ̀ wọ ọkọ̀. Ọmọ́wùmí rí mi, ó kí mi, ó ní òun ò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Mo bi í ìdí tí kò fi sọ òótọ́ fún ìyá rẹ̀. Ó ní ìyá òun ti dàgbà, a kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún àgbà. Mi ò bá a jiyàn. Ọmọ méjì tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ń dúró ní Ìkọ̀lé de ilé tí ẹnikẹ́ni kò ní kùn.

Ìwọ tí ò ń ka èyí, o ní ibi iṣẹ́. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti sọ fún ọ pé kí o má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lọ bá a lọ́la. Kí i bó ṣe yẹ kí a kí i, dọ̀bálẹ̀ tàbí kí o kúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà, bi í ní ohun tó ń ṣe, ọjọ́ tí kì í ṣe é, àti ohun tó so mọ́ ìdí rẹ̀. Má ṣe dìde níbẹ̀ títí yóò fi dá ọ lóhùn.